Ìka Kan Lórí Sítíárì

Ara táńkì omi tó ga ju gbogbo wa lọ ni wọ́n kọ orúkọ ìlú sí,
ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti jẹ lẹ́tà kan níbẹ̀.
TAR OW ni àlejò ń kà.
Àwa tí a bí síbẹ̀ kì í kà á mọ́,
a ti mọ ohun tó sọnù.

Lẹ́tà ni mò ń pín. Ọdún kọkàndínlógún rèé
tí mò ń wakọ̀ láti àpótí kan dé òmíràn
lójú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, eruku lẹ́yìn mi bí ìrù ẹṣin.
Mo mọ ẹni tí báǹkì ń kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù.
Mo mọ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní Denver kì í kọ ohunkóhun,
tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ife kọfí,
kí n lè rò pé èmi ló ń dúró dè.
Ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú mi, kànga ló wọ̀.

Níbí, ìkíni kì í pariwo.
Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé,
ìka ìfábẹ̀lá kan ṣoṣo ní í dìde lórí sítíárì, ó tó.
Ẹ kú àárọ̀ wà nínú rẹ̀,
ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ wà nínú rẹ̀,
ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àmúmọ́ra.

Wọ́n ti ti ilé ìwé wa pa. Aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn ọmọ ń wọ bọ́ọ̀sì
lọ sí Brandt, ìlú tí a máa ń nà ní bọ́ọ̀lù nígbà kan.
Aṣọ Brandt ni wọ́n ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù báyìí.
Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.
Rélùwéè ń kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, kì í dúró.
Lavonne ń ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ fún àgbà mẹ́fà
tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga kan náà
láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí wọn.
Bí àga kan bá ṣófo di aago mẹ́jọ,
ẹnìkan á dìde, á lọ kan ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe rí Verlin Stuhr nìyẹn,
nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, apá òsì rẹ̀ ti kú,
ẹgbẹ̀ta éékà àgbàdo ti gbẹ lóko,
yìnyín ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọsibítù dá a padà sílé.
Lọ́jọ́ Sátidé, mo rò pé iná ló ń jó,
eruku ti bo ojú ọ̀run.
Ẹ̀rọ ìkórè mẹ́sàn-án ni, wọ́n tò tẹ̀léra.
Èyí tó wà níwájú, pupa, tí dígí rẹ̀ ti sán,
ti Delmar Kucera ni.
Delmar! Tí òun àti Verlin kò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá
nítorí ọgbà wáyà, àti màlúù kan tó ti kú tipẹ́.
Ta ló pè é? Èmi ò gbé lẹ́tà kankan.

Mo pín tèmi tán, mo padà síbẹ̀.
Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tan iná ẹ̀rọ.
Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lórí ìjókòó, wọn ò sọ̀ kalẹ̀.
Kò sí àdúrà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwúrí,
àfi Delmar tó ń bú bẹ́líìtì tó já.

Verlin wà lójú fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí eékún.
Ẹnu rẹ̀ kò tíì lè di ọ̀rọ̀ mú.
Nígbà tí ẹ̀rọ pupa ń kọjá lọ, tí iná rẹ̀ fọ́n sára dígí,
mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí apá àga:
ìka kan.

Mi ò mọ̀ bóyá Delmar rí i.
Ìrúwé dé, wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.
Wáyà ṣì nà láàárín wọn,
àmọ́ ẹnìkan ti gbé òpó tó wó síbẹ̀ dìde.
Mi ò bèèrè. Mo ju ìwé báǹkì sínú àpótí,
mo pa á dé, mo gbéra.